Kí Lojú Ọmọ Rí Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo lẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Èmi ò ṣe iṣẹ́ méjì rí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi ń gún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkọ̀tún, láti Ìkọ̀tún dé Ìgandò níbi tí mo fẹ̀yìn tì sí. Màmá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n wà tí wọ́n ṣì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì tí wọ́n bá rí mi lókèèrè. Wọ́n á ní eré làwọn ń ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe eré délẹ̀.

Ìbéèrè kan ló mú mi kọ èyí. Fúnkẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló bi mí. Àjẹsára kan dé ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wọ́n sì fún Moyọ̀, ọmọ Fúnkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ìwé pé kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Fúnkẹ́ gbé ìwé náà wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ lè búra fún mi pé lẹ́yìn ogún ọdún, abẹ́rẹ́ yìí ò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan?"

Mo máa sọ èsì tí mo fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ á rò pé òmùgọ̀ ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ ìlera, wọ́n pín mi sí ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Ẹgbẹ́dá, mo gbé àpótí mi dé. Ẹ má bi mí léèrè owó oṣù. Ó ń wọlé, ó ń jáde, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ayé.

Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ló gùn ní sísọ. Mátírọ̀nì Ọlátúnbọ̀sún, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, bàtà funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ga ju ilẹ̀kùn fíríìjì lọ. Kì í pariwo. Ọ̀gá tó bá ń pariwo, èèyàn á mọ ibi tó wà; ti Mátírọ̀nì, ẹ̀yìn yín lẹ máa bá a. Oṣù kan gbáko ló fi ní kí n máa gún ọsàn. Bí àwọn ọsàn yẹn bá jẹ́ ọmọ ni, mo ti gún gbogbo Agége tán. Nígbà náà, síríńjì onígíláàsì là ń lò, sísè la máa ń sè é nínú ìkòkò lórí sítóòfù kẹrosíìnì, ogún ìṣẹ́jú láti ìgbà tí omi bá ti hó, kì í ṣe láti ìgbà tí a gbé e kaná. Lọ́jọ́ kan mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú àkókò, torí àwọn ìyá ti pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mátírọ̀nì gbé ìkòkò náà padà sórí iná, ó yíjú sí àwọn ìyá, ó ní, "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì wa yìí ń kánjú. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù." Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ojú tì mí débi pé mi ò tún wo aago ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi ti ara ògiri.

Ohun tó mú ilé ìwòsàn wa yàtọ̀ ni ìwé pẹlẹbẹ kan tí Mátírọ̀nì fún olúkúlùkù wa. Kì í ṣe rẹ́jísítà ìjọba, ìyẹn wà lọ́tọ̀. Tí ìyá kan bá gbé ọmọ padà wá fún abẹ́rẹ́ tó kàn, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà ká tó béèrè pé, "Kí lojú ọmọ rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọjọ́sí?" Bí ìyá bá ṣe sọ ọ́ gan-an la máa kọ ọ́. A ò gbọ́dọ̀ tún un ṣe, a ò sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ gbóná. Ó kọ ọyàn láàárọ̀. Itan rẹ̀ wú. Ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá kan láti Akówónjò ní láti ìgbà tí ọmọ òun ti gba abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo gbé bírò sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni Mátírọ̀nì wà.

"Kọ ọ́," ló wí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni abẹ́rẹ́ ọmọ fẹ́ fi iṣẹ́ bàbá ẹ̀ ṣe?"

Ó ní, "Ìwọ ta ni, tí o ti mọ̀ tán? Kọ ọ́. Tí ìyá mẹ́wàá míì bá wá sọ nǹkan kan náà, a máa wádìí. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ọ́ mọ́, á jẹ́ pé ọ̀gá bàbá ẹ̀ ló burú."

Ẹ̀rín ni mo rín nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ọdún mélòó kan ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan kì í ṣe ọmọ nǹkan náà dandan. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tí a bá fi àkùkọ se ọbẹ̀, ilẹ̀ á ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ àkùkọ àti èyí tó jẹ́ oòrùn, tí kò bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀?

Ní ìparí ọdún, Mátírọ̀nì á kó gbogbo ìwé náà jọ, àwa náà á jókòó yí i ká, a ó máa kà á sókè. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bá wọn jókòó, ẹ̀rù iṣẹ́ Ọlọ́run bà mí. Àwọn ìyá tí kò mọ ara wọn rí, ará Ìbàdàn, ará Ìjẹ̀bú, Ìgbò, Hausa, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ibà lọ́jọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì. Ti àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, egbò kékeré á yọ lápá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á san, á fi àpá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí a fi sára ọmọ kò tó ẹ̀kán omijé. Ara ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ á gba ẹ̀kán yẹn, á kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, kò sì ní gbàgbé. Títí dòní, tí mo bá ń gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, apá òsì àwọn èèyàn ni mo máa ń wò. Àpá róbótó kan rèé, òmíràn rèé, lára kọ̀ndọ́ ọkọ̀, lára olówó, lára ìyá tó gbé ẹrù rù. Mo máa ń dúró, wọ́n á máa tì mí, mi ò ní mọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn bẹ́ẹ̀. Mọ̀ọ́gún mọ̀ọ́tẹ̀, iyán ewùrà á ní kókó. Kókó tèmi dé lọ́dún kẹrin.

A lọ gún àwọn ọmọ ní àgbàlá kan ní Ìkọ̀tún. Èéyi, tí àwọn kan ń pè ní ìta, là ń dènà lọ́jọ́ náà. Ìyẹ̀fun ni àjẹsára èéyi, omi rẹ̀ la fi ń pò ó. Tí a bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló kù fún un, bí yìnyín tilẹ̀ yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdọ̀tí tí ojú ò rí lè hù nínú rẹ̀, dídànù ló kàn, kódà kó jẹ́ ọmọ kan ló tíì gbà nínú rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo po ìgò kan. Ọmọ mẹ́ta péré ló dé. Àṣé ọkọ̀ omi ti wọ àdúgbò lọ́jọ́ yẹn, gbogbo obìnrin ló ti gbé garawa tò sídìí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi pọn omi tán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Ìyá mẹ́fà dé, òógùn bò wọ́n. Omi ìpò ti tán lọ́wọ́ mi, mi ò lè po ìgò tuntun. Wọ́n ní àwọn ò ní lè padà wá lọ́sẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀, èéyi ń pa ọmọ ládùúgbò náà.

Àánú ṣe mí. Mo gún ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Fúnkẹ́ wà lẹ́yìn mi, ó pé oṣù mẹ́sàn-án géérégé lọ́jọ́ yẹn. Kí àwọn ìyá má baà fura pé mò ń ṣiyèméjì, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gún òun náà ṣe ìkeje. Nínú rẹ́jísítà, mo kọ ọ́ pé aago kan ọ̀sán ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Fúnkẹ́ ti gbóná janjan. Mo gbé e pọ̀n lọ síbi iṣẹ́, mo sì bá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan. Ràfíátù ọmọ rẹ̀ ti bì títí, orí ọmọ náà kò dúró lọ́rùn mọ́. Mátírọ̀nì ti ń gbé ọmọ náà sọ́wọ́.

"Aago mélòó lo gún èyí?" ló bi mí.

Mo ní aago kan. Ó sún mọ́ mi, ó fọwọ́ kan iwájú orí Fúnkẹ́ lẹ́yìn mi, ó sì béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, "Aago mẹ́rin mà."

Kò gbá mi létí, ì bá tilẹ̀ gbá mi. Ó ní, "Gbé rẹ́jísítà. Ká lọ." Ojúlé sí ojúlé la fi wá àwọn ọmọ yòókù rí ní Ìkọ̀tún, a kó gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọmọ márùn-ún ló ní ibà. Ràfíátù lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ibùsùn pẹ̀lú omi lápá. Mi ò mọ iye orin ìjọ tí mo kọ lọ́kàn láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Ọlọ́run yọ́nú sí mi, ọmọ méjèèje ló yè.

Mátírọ̀nì fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sókè pé kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ ni mo gbá. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́, wọ́n bú mi, wọ́n sì dárí jì mí, ti ìyá Ràfíátù ló pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé pẹlẹbẹ mi sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo ṣe, kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèje sábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwọ lo ni àwọn ọmọ yìí báyìí. Lọ́dọọdún, wá wọn rí, kí o bi wọ́n pé kí lojú wọn rí."

Mo ní títí dìgbà wo. Ó ní, "Títí wọ́n á fi dàgbà tó láti máa bi ìwọ náà."

Mo ṣe é. Àwọn kan kó lọ sí Dòpẹ̀mú, àwọn kan padà sí ìlú wọn, mo ń fi lẹ́tà wá wọn, nígbà tó yá mo ń fi fóònù wá wọn. Ẹni tó wọ ilé ìwé gíga, mo kọ ọ́. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù, mo kọ ọ́. Ọmọ mẹ́fà ló mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Fúnkẹ́ nìkan ni kò mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí mo bá ti gbàdúrà fún un tán, màá ní, "Kí lojú ẹ rí lọ́dún yìí?" Ó rò pé bí màmá òun ṣe máa ń ṣe ọjọ́ ìbí nìyẹn. Bàbá rẹ̀ mọ̀, ó sì gbé àṣírí náà lọ sí ibojì. Ìyá mẹ́fà ni mo ti kúnlẹ̀ fún nítorí ọmọ wọn. Fúnkẹ́, ọmọ keje, ni mi ò bẹ̀ rí.

Ọdún ń gorí ọdún, irinṣẹ́ ń yí padà, èmi náà ń la ẹnu sílẹ̀. Síríńjì onígíláàsì lọ, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó máa ń ti ara rẹ̀ pa, kódà kí olè fẹ́ lò ó lẹ́ẹ̀kejì, kò ní gbà. Àmì kékeré kan dé ara ìgò, tí ooru bá ti bà á jẹ́, àmì náà á dúdú, ìgò á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò dára mọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo jókòó, mo ń wo ìgò yẹn bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ká ní ìgò ọjọ́ Ìkọ̀tún lè sọ̀rọ̀ ni! Fíríìjì tó ń lo oòrùn dé, èyí tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù pé inú òun ti ń gbóná dé. Ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ kankan tó tíì dé tó ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá láti béèrè kí lojú ọmọ rí.

Mátírọ̀nì fẹ̀yìn tì, ó padà sí ìlú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló pa á. Mo lọ wò ó nígbà tó kù díẹ̀, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ nìkan ni mo fi dá a mọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé àjẹsára tó ń dènà irú rẹ̀ ti wà lókè òkun. Ó ní, "Mi ò ní bá a. Ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, bi í léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa kí ẹ tó gbà á. Tí ẹ bá sì ti bi í tán, ẹ gbà á." Mo sunkún dé Lagos.

Ẹ wá rí ibi tí ìbéèrè Fúnkẹ́ ti bá mi. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Command, níbi tó ń gbé, kì í ṣe púrúǹtù. Ọdún mẹ́fà ló fi wá Moyọ̀, ọdún mẹ́fà tí àna ń wo ikùn rẹ̀. Ẹnì kan wá fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù pé àwọn ọmọbìnrin tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí, tí wọ́n bá pé ọgbọ̀n ọdún, ilé ọmọ wọn á gbẹ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í fi okùn ṣeré.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní àjẹsára kì í fi ara ṣe ibùgbé. Kò pẹ́ tí ara á fi tú u palẹ̀, ohun tó kù ni ẹ̀kọ́ tí ara kọ́. Ìdí nìyẹn tí wàhálà tí àjẹsára bá máa fà fi sábà máa ń yọjú kí oṣù méjì tó pé.

Ó ní, "Sábà, Màmá. Sábà lẹ wí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sábà ni mo wí. Mo ní nǹkan méjì làwọn èèyàn ń pò pọ̀, ohun tó ń pẹ́ kó tó yọ àti ohun tó ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé ẹnì kan ló máa mú nínú ogunlọ́gọ̀, lè pẹ́ ká tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé ó sá pamọ́ sínú ara. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ni kò tíì pọ̀ tó ká rí i. Mo ní ti àjẹsára yìí, àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ òkèèrè ti ń gbà á tipẹ́, àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ti di ìyá ọlọ́mọ, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ó ní, "Òkèèrè kọ́ ni Moyọ̀ ń gbé. Màmá, mo mọ gbogbo èyí, òun ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo bi yín ni pé, ṣé ẹ lè búra?"

Inú bí mi. Mo ní àbí Wáàsáàpù ló wá ń kọ́ olùkọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, mo sì rí i pé ó dùn ún. Ó jókòó, ó ń wò mí. Mo ronú nípa Mátírọ̀nì lórí ibùsùn, mo mọ̀ pé tí mo bá búra, Fúnkẹ́ á fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, torí mi ò parọ́ fún un rí, ó kéré tán lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá ò mọ̀la.

Mo ní, "Mi ò lè búra."

Ó ní, "Ẹ ṣeun mà." Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìwé fẹ́ gbà á.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yọ, mo kó àwọn ìwé pẹlẹbẹ jáde. Mo fẹ́ kó rí i bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ. Ìgbà tí mo dé ojú ewé Ìkọ̀tún, ọwọ́ mi dúró. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ìkeje. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ọdún rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, títí kan ibi tí mo kọ ọ́ sí pé, "Ọdún kẹrin ìgbéyàwó, kò tíì lóyún." Mo ní kí n ya ojú ewé yìí, yóò gbà pé ìyá òun mọṣẹ́. Mo dì í mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi. Ìwé tí a bá ti ya ojú ewé kan nínú rẹ̀, ta ló tún fẹ́ gba ìyókù gbọ́? Mo fi ọwọ́ na ojú ewé náà padà, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá a ní Command.

Ó kà á lọ́sàn-án ọjọ́ náà lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò. Ó pẹ́. Ìgbà tó pè mí, ìka rẹ̀ wà lórí ìkeje.

"Èmi nìyí?"

Mo ní òun ni. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo sọ ti ọkọ̀ omi fún un, mo sọ ti aago mẹ́rin, mo sọ irọ́ aago kan. Mo ní kó dárí jì mí.

Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ṣé òun ló fà á, tí mi ò fi tètè bímọ?"

Ọdún mélòó ni ìbéèrè yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn! Mo ní, "Mo ti bi àwọn mẹ́fà yòókù. Ràfíátù tó ṣàìsàn jù ti bímọ mẹ́ta, kò sì pẹ́ rárá. Àwọn yòókù náà ti bímọ, àfi ọ̀kan tó di fádà ìjọ Àgùdà, ìyẹn ò kàn án. Ìwọ nìkan ló pẹ́. Méje kéré, Fúnkẹ́, mi ò lè fi méje búra. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyẹn, mi ò yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀."

Ó ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ìbí mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ dá wà. Mo wọ bàtà mi, mo lọ.

Kò pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò pè mí lọ́jọ́rú. Mo rò pé mo ti pàdánù ọmọ mi àti àjẹsára ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù dún.

"Mo ti fọwọ́ sí i," ni Fúnkẹ́ wí. "Wọ́n ti gún un. Màmá, ká ní ẹ búra fún mi ni, mi ò bá tí fọwọ́ sí i. Ìwé tí ẹ kọ àṣìṣe ara yín sí yẹn ni mo gbà gbọ́."

Mo di fóònù náà mú pẹ́ lẹ́yìn tó ti pa á.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá sí Ìgandò, òun àti Moyọ̀. Fúnkẹ́ mú ìwé tuntun kan dání. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i, ojú ewé kan fún ọdún kan, ogún ojú ewé, ó sì kọ ọdún sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i dé ìparí, mo fi ọjọ́ orí mi kún un, mo rí i pé mi ò ní sí ní ojú ewé yẹn. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé a lè bi ara ní ìbéèrè lónìí, kí ẹlòmíràn sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀ nígbà tí a ti lọ. Mátírọ̀nì kò rí Moyọ̀ rí, ìbéèrè rẹ̀ ló wà lórí tábìlì yìí.

Fúnkẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kìíní.

"Moyọ̀, kí lojú ẹ rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́?"

Moyọ̀ ronú dáadáa. "Apá ń dùn mí díẹ̀. Mo sì fẹ́ jẹ dòdò."

Fúnkẹ́ kọ ti apá. Ó gbé bírò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wò mí.

"Kọ ọ́," ni mo wí.